Iṣẹ́ ọwọ́ tí a ń ṣe fún ìtẹ́lọ́rùn ara wa: ṣé dandan ni kí a tà á?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Kàbà

Ẹ okun o, gbogbo ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò, nítorí mo mọ̀ pé àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan kò kéré láàárín wa ní ilẹ̀ Okun, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Ìyàmoyè títí dé Ẹ̀gbẹ̀.

Ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ padà sílé, ilé dá páropáro, àwọn ọmọ ti lọ, ọwọ́ mi sì ń wá ohun tí yóò máa dì mú. Ní ọjọ́ kan tí mò ń tún yàrá ẹ̀yìn ṣe, mo rí òfì ìyá mi tí a gbé ti ògiri láti ìgbà tí wọ́n ti kú, òfì ìdúró tí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ń lò, pẹ̀lú igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbá òwú mọ́ra. Igi náà ti dán ní ibi tí ọwọ́ wọn máa ń dì mú. Mo gbé e kalẹ̀, mo nù ún, mo sì tọ ìyá àgbà kan lọ ní àdúgbò wa tí ó ṣì mọ bí a ti ń ta òwú sára rẹ̀. Oṣù márùn-ún ni mo fi hun kíjìpá àkọ́kọ́ mi. Etí rẹ̀ kò gún, ibì kan fẹ̀, ibì kan fún, ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ tí mo gé e kúrò lórí òfì, mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, mo jókòó tì í, mo sì ń fi ìka tọ ìlà dúdú àti funfun rẹ̀ títí iná fi lọ. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo sì dúpẹ́ fún un, àmọ́ iṣẹ́ olùkọ́ kì í parí lójú ẹni. Bí ọmọ kan ti ń jáde ni òmíràn ń wọlé. Aṣọ yìí parí lójú mi.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó rí aṣọ náà tí kò béèrè iye tí mo fẹ́ tà á. Ní oṣù tó kọjá, ìbátan wa kan tí ń gbé ní Àbújá ní kí n hun ìborùn mẹ́fà tí yóò jọra fún ìgbéyàwó, ó sì san àsansílẹ̀. Mo gbà á pẹ̀lú ayọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti jókòó sídìí òfì, ọjọ́ ni mò ń kà. Ẹ̀yìn ń dùn mí, bẹ́ẹ̀ kò dùn mí rí ní gbogbo oṣù márùn-ún àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ nítorí pé ó ń tẹ́ yín lọ́rùn, báwo ni ẹ ṣe ń dáàbò bo ayọ̀ inú rẹ̀? Ṣé kí n dá owó olówó padà ni, àbí ọ̀nà mìíràn wà?

Aláró, Ògìdì-Ìjùmú

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú bí èrò mi bá yàtọ̀ díẹ̀, nítorí èmi ń tà, títà náà kò sì pa ayọ̀ mi. Ìdí aró ni wọ́n bí mi sí ní Ògìdì, owó àdìrẹ ni ó sì rán àwọn ọmọ mi lọ sí ilé ìwé. Bí mo ti pẹ́ nídìí rẹ̀ tó, ìṣẹ́jú kan wà tí kò tíì sú mi, ìṣẹ́jú náà ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò.

Ewé ẹ̀lú ni a ń gún, tí a ń ṣù, tí a ń sá gbẹ, kí a tó rì í sínú omi eérú tí a ti sẹ́. Ìkòkò yóò jókòó fún ọjọ́ mélòó kan, yóò máa yọ ìfófò, yóò máa rùn, ẹni tí kò mọ̀ yóò sì rò pé ó ti bàjẹ́. Bí ó bá ti pé, tí a ki aṣọ bọ̀ ọ́, tí a sì fà á jáde, kì í ṣe aró ni ojú ń kọ́kọ́ rí. Àwọ̀ ewé ni, bí ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Kí ènìyàn tó mí bí ìgbà mélòó kan, atẹ́gùn ti fẹ́ sí i, àwọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí láti ibi ìṣẹ́po aṣọ tí ó ta síta, ó ń dú lọ, ó ń dú bọ̀, títí yóò fi di aró ní ọwọ́ ẹni. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ṣàlàyé rẹ̀ pé ohun tí ń pa aṣọ láró kì í yọ́ nínú omi lásán. Ìgbà tí ìkòkò bá ti wú, tí kò sí atẹ́gùn nínú omi rẹ̀ mọ́, ni ó ń yọ́ tí ó sì ń wọ inú òwú lọ, bí atẹ́gùn bá sì tún kàn án níta, á dì sínú òwú níbẹ̀, omi kò sì ní lè fọ̀ ọ́ kúrò. Mo mọ àlàyé yìí, mo sì ti rí ìyípadà náà ní ìgbà tí n kò lè kà mọ́, síbẹ̀ mo ṣì máa ń dá ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ dúró láti wò ó. Ẹ̀ẹ̀kan kò sì tó. Bí a bá fẹ́ kí ó dú dáadáa, a óò tún kì í bọ̀ ọ́, a óò tún fà á jáde, a óò tún dúró de atẹ́gùn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni a óò wá tú ìko tí a fi dì í, ojú funfun yóò sì là níbi tí aró kò dé. Bí ó ti wù kí ọwọ́ mi mọ ìdì tó, kò sí èyí tí mo tú tí mo lè búra tẹ́lẹ̀ pé báyìí gan-an ni yóò rí.

Oníbàárà kò sí níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn, owó rẹ̀ kò sì lè wọlé sí i. Nítorí náà, ìyá wa, n kò rò pé owó ni ó mú ẹ̀yìn dùn yín. Ọ̀rọ̀ tí ó ní kí mẹ́fà jọra ni. Ìyẹn ti gba ìpinnu kúrò lọ́wọ́ yín kí ẹ tó jókòó. Màmá Nike Davies-Okundaye, gbajúgbajà oníṣẹ́ ọnà àdìrẹ tí wọ́n bí ní Ògìdì wa níhìn-ín ní 1951, lọ́dọ̀ àwọn àgbà obìnrin ilé wọn ni wọ́n ti kọ́ aṣọ híhun ní kékeré. Ní 1983 ni wọ́n dá ibi ìkọ́ṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ wọn ń tà nílé àti lókè òkun, kò sì sí ẹni tí ó lè wo aṣọ wọn kan kí ó ní ayọ̀ ti tán níbẹ̀. Ohun tí èmi ń ṣe kò le: mo máa ń sọ fún oníbàárà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àwọ̀ ni mo lè ṣèlérí, n kò lè ṣèlérí ojú ọnà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba, mo máa ń júwe ibi tí ẹ̀rọ ti ń tẹ aṣọ fún un. Bákan náà, nínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan tí mo bá gbé kalẹ̀, aṣọ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí ní rẹ̀, mo sì máa ń dán ìdì tuntun wò lórí rẹ̀.

Ìyá Onílẹ̀kẹ̀, Mọ̀pà

Mo fara mọ́ ohun tí aláró sọ. Kí n kàn fi kún un pé ẹni tí owó ilé ìwé ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀ kò ní láti máa dára rẹ̀ lẹ́bi pé òun ń ta ohun tí òun fẹ́ràn láti ṣe. Ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń sín. Mo ń tà á, mo sì ń yọ̀ nígbà tí mo bá rí i ní ọrùn ìyàwó níbi ìgbéyàwó. Ìyá olùkọ́ ní owó ìfẹ̀yìntì, àyè wà fún wọn láti yàn. Kì í ṣe gbogbo wa ni àyè náà wà fún.

Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀nà kẹta wá, nítorí èmi kì í tà, n kì í sì í tọ́jú wọn pamọ́. Ìwọ̀nba wákàtí tí mo bá ní lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́ ni mo fi ń fi kúróṣé hun fìlà ọmọ ọwọ́. Fìlà kan kì í gbà mí ju ìrọ̀lẹ́ méjì lọ. Bí ọmọ bá wáyé, tí ìyá rẹ̀ kò bá ní fìlà lọ́wọ́, mo máa ń fún un ní ọ̀kan. Nígbà mìíràn, mo máa ń lọ ra ata lọ́jà, kí n sì rí fìlà mi lórí ọmọ tí wọ́n pọ̀n kọjá. Ìyá ọmọ kò rántí ojú mi. Èmi rántí ibi tí mo ti jókòó nígbà tí mo ń ṣe igun náà.

Ní ti ẹ̀yìn tí ń dun ìyá wa, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ara ń gbọ́ ohun tí ọkàn ń sọ. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Drexel ní Amẹ́ríkà kó àgbàlagbà mọ́kàndínlógójì jọ, wọ́n fún wọn ní amọ̀, ìwé àti kálámù aláwọ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n fi ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ṣe ohunkóhun tí ó bá wù wọ́n. Wọ́n yẹ itọ́ ẹnu wọn wò ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì rí i pé kọ́tísọ́ọ̀lù, èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà ìdààmú, lọ sílẹ̀ lára nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn. Kò sí ìyàtọ̀ tí ó ṣe pàtàkì láàárín ẹni tí ó ti mọ iṣẹ́ ọnà tẹ́lẹ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí ó bá wù wọ́n ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe. N kò sọ pé òfì jẹ́ oògùn o. Bí ẹ̀yìn náà bá ń bá a lọ, ẹ lọ fi han dókítà, kí ẹ sì wo gíga àpótí tí ẹ fi ń jókòó.

Ọmọ Ìsánlú ní Lọ́kọ́jà

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí, inú ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí mo sì ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣe kò ní àwòrán tí mo lè fi han ẹnikẹ́ni. Ìwé ń wọlé, ìwé ń jáde. Nígbà tí mo lọ sílé fún ọdún Kérésì, bàbá bàbá mi ń hun agbọ̀n lábẹ́ igi, mo sì ní kí wọ́n kọ́ mi. Mo ń kọ èyí fún ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àmọ́ tí kò ní òfì ìyá nínú yàrá ẹ̀yìn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí igbó ń fúnni. Ọ̀bẹ kan àti ọ̀pá imọ̀ ọ̀pẹ ti tó. Ẹ̀yìn ọ̀pá náà ni a ń là tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, a óò ha inú rẹ̀ kúrò kí ó lè tẹ̀ láìṣẹ́, bí ó bá sì ti gbẹ jù, a óò rẹ ẹ́ sómi. Agbọ̀n àkọ́kọ́ mi kò hun, mo tú u ní ẹ̀ẹ̀mẹta, bàbá ń wò mí, wọn kò sọ nǹkan kan. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin ni wọ́n ní kí n ka ọ̀pá ìdúró rẹ̀. Méjìlá ni. Wọ́n ní kí n fi ọ̀kan kún un. Ìgbà náà ni ó yé mi pé bí ìhun kan ṣoṣo bá ń gba iwájú ọ̀pá kan kọjá, tí ó ń gba ẹ̀yìn èkejì, bí iye ọ̀pá bá ṣeé pín sí méjì ọgbọọgba, nígbà tí ó bá yí ká tán, ojú ibi tí ó ti gbà tẹ́lẹ̀ ni yóò tún gbà, kò sì ní di ara wọn mú. Bí ó bá jẹ́ mẹ́tàlá, ibi tí ó gba iwájú lónìí ni yóò gba ẹ̀yìn bí ó bá tún dé ibẹ̀. Inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí lọ, nítorí pé ọwọ́ mi ni mo fi rí i.

Agbọ̀n náà wọ́, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wà lórí tábìlì mi ní Lọ́kọ́jà, àlùbọ́sà ni mo kó sínú rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ju àkọ́ṣe rẹ̀ nù, kí ó má sì tà á.

Olùkọ́ni, Ìyàrá

Ìbéèrè ìyá olùkọ́ rán mi létí ìwádìí kan tí a máa ń kọ́ àwọn olùkọ́ tí ń bọ̀. Ní 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Àwọn ọmọdé jẹ́lé-ó-sinmi tí wọ́n fẹ́ràn àwòrán yíyà ni wọ́n lò, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀rí aláràbarà fún àwọn kan bí wọ́n bá yàwòrán. Wọ́n fún àwọn kan ní irú ìwé ẹ̀rí náà lójijì lẹ́yìn tí wọ́n ti yàwòrán tán. Wọn kò fún àwọn tó kù ní nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà tí kò sí ẹ̀bùn kankan mọ́, àkókò tí àwọn tí a ti ṣèlérí fún fi ń yàwòrán kò ju nǹkan bí ìdajì ti àwọn yòókù lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró sí nìyẹn, tí wọ́n á ní ẹ̀bùn a máa ba ìfẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọmọ tí a fún lójijì. Wọ́n gba ohun kan náà, ìfẹ́ wọn kò sì dín. Ohun tí mo rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé ipò tí a gbé ẹ̀bùn sí ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá gbé e síwájú iṣẹ́, òun ni ọkàn ń wò. Bí ó bá tẹ̀ lé iṣẹ́ lẹ́yìn, iṣẹ́ ti parí lórúkọ ara rẹ̀ kí ó tó dé. Mo mọ̀ pé àwa àgbà kì í ṣe ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ọ̀rọ̀ ìyá onílẹ̀kẹ̀ nípa owó ilé ìwé sì tọ̀nà. Síbẹ̀, fún ẹni tí àyè wà fún, mo rò pé ó sàn kí a hun ún ná, kí a wò ó, kí ó tẹ́ wa lọ́rùn, kí a tó pinnu bóyá a óò tà á. Kí aṣọ wà kí oníbàárà tó wà.

Ahunṣọ Àgbà, Bùnú

Ọmọ mi ni ó ń bá mi tẹ èyí. Ìwọ olùkọ́, mo kí ọ, mo sì kí ìyá rẹ tí ó fi òfì sílẹ̀ fún ọ. Jẹ́ kí n sọ ti etí aṣọ rẹ tí kò gún, nítorí àwọn yòókù ti sọ ti ọkàn, kò sì sí ẹni tí ó mú ọwọ́.

Òwú ìdábùú ni o ń fà le jù. Bí o bá ti gbà á kọjá láti etí kan dé ìkejì, má ṣe nà án tọ́. Jẹ́ kí ó ga sókè láàárín bí òṣùmàrè, lẹ́yìn náà ni kí o wá fi igi gbá a mọ́lẹ̀. Títẹ̀ tí ó tẹ̀ yẹn ni yóò fún un ní àyè láti gba òkè àti ìsàlẹ̀ òwú ìdúró kọjá láìfa etí wọlé. Èkejì, gé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó bá fífẹ̀ aṣọ mu ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí o máa fi wọ̀n ọ́n ní gbogbo ìgbà tí o bá hun tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ojú nìkan kò tó. Bí aṣọ ti ń fún ni ojú ń bá a fún, kò sì ní sọ fún ọ. Aṣọ òfì ìdúró wa fẹ̀ ju ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ọkùnrin ń hun lọ, méjì tàbí mẹ́ta la ń rán pọ̀ kí ìró tó pé, nítorí náà bí etí kò bá gún, ojú rírán ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, má hun nígbà tí inú bá ń bí ọ. Ọwọ́ máa ń le, ìbú ibẹ̀ yóò sì yàtọ̀, mo lè fi irú ibẹ̀ hàn ọ́ lára àwọn aṣọ tèmi.

Ní ti títà, ní Bùnú níhìn-ín, kì í ṣe gbogbo aṣọ ni ó ń lọ ọjà. Aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí a fi ń ṣe ẹ̀yẹ fún àgbà tó papò dà, òwú pupa rẹ̀ ni wọ́n ń tú láti ara aṣọ òyìnbó kí wọ́n tó tún un hun. Ẹ ro iṣẹ́ tí ó wà nínú kí ènìyàn kọ́kọ́ tú aṣọ tí ẹlòmíràn ti hun, fọ́nrán kan lẹ́yìn èkejì, nítorí àwọ̀ tí ó wù ú. Inú àpótí ni irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ń wà, ọmọ á jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá. Mo ní méjì tí n kò tíì fi han ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí ọmọ tí ń bá mi tẹ èyí. Bí mo bá ṣí àpótí, tí mo rí wọn, ó ti tó mi.

Pe ìbátan rẹ. Sọ òtítọ́ fún un. Owó tí o kò tíì ná kò wúwo láti dá padà.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Kàbà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá jù lọ lọ́wọ́ ìyá wa ní Bùnú. Mo ka gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, mo sì pe ìbátan wa lánàá. Mo sọ fún un pé n kò lè hun mẹ́fà tí yóò jọra, pé mẹ́ta ni mo lè hun kí ọjọ́ tó pé, pé wọn yóò bá ara wọn mu ní àwọ̀ ṣùgbọ́n ìlà kọ̀ọ̀kan yóò yàtọ̀. Mo ti dá ìdajì owó rẹ̀ padà. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà ni ó béèrè bóyá òun lè yan èyí tí yóò jẹ́ ti ìyàwó fúnra rẹ̀ nígbà tí mo bá parí wọn. Mo gbà.

Kíjìpá àkọ́kọ́ mi kò ní lọ síbì kankan. Èrò nọ́ọ̀sì nípa àpótí ìjókòó tọ̀nà: ó rẹlẹ̀ jù, mo ti fi tìmùtìmù kan lé e lórí. Mo sì ti gé igi ìwọ̀n náà. Mo gbé e lé aṣọ tí ó wà lórí òfì ní àárọ̀ yìí, mo sì rí i pé láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí mo hun dé, ó ti fún ní ìbú ìka kan gbáko. Ọ̀sẹ̀ tí owó àsansílẹ̀ dé ni ó ti bẹ̀rẹ̀. N ó tú u láti ibẹ̀, n ó sì jábọ̀ fún yín.